Orúkọ Yín, àti Ibi Tí Ẹ Ti Ń Pè Wá

Lórí ètò tí mò ń ṣe lórí rédíò láràárọ̀, òfin kan ṣoṣo ló wà. Kí o tó sọ ohunkóhun, wàá dárúkọ ara rẹ, wàá sì sọ ibi tí o ti ń pè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rẹ ni, lò ó bó ṣe wù ọ́. Ọdún mọ́kànlá nìyí tí mo ti ń béèrè ìbéèrè yẹn. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé tí ẹnìkan bá pè mí nílé pàápàá, ó máa ń yọ lẹ́nu mi: "Orúkọ yín, àti ibi tí ẹ ti ń pè wá?" Ọkọ mi ò yéé fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Wọ́n ti bú mi lórí ètò yẹn o. Bàbá kan pè láti Agbówà, ó ní ohùn mi dà bíi ti ẹni tí òtútù ń mú, kí n lọ fẹ̀yìn tì. Obìnrin kan ní ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́n jù mí lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gba ìpè tó kàn. Ẹni tí wọ́n ń san owó oṣù fún nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ bínú tí wọ́n bá dá a lóhùn. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, mo ṣì gbà á gbọ́ dòní.

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣètò kan lórí àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà. Àwọn àgbẹ̀ pè, wọ́n ní omi ti ń jẹ ilẹ̀ oko àwọn. Àwọn awayanrìn náà pè, wọ́n ní ohun tí àwọn fi ń bọ́ ọmọ nìyẹn. Mo fún gbogbo wọn láyè. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú ìwé kan tí kò ní orúkọ gidi, tí kò ní àwòrán èèyàn, ti gbé fọ́tò mi jáde lórí ayélujára. Ó ní mo ti gba rìbá lọ́wọ́ àwọn awayanrìn. Ìyẹn ò dùn mí. Kò sí oníròyìn tí wọn ò tíì pa irú irọ́ yẹn mọ́. Ohun tó kọ tẹ̀ lé e ló gún mi lọ́kàn. Ó ní kí la fẹ́ retí lọ́wọ́ ọmọ àlè? Ó ní ìyá mi tó wà ní Ẹ̀pẹ́ kò mọ ẹni tó lóyún mi fún.

Làwọn èèyàn bá rọ́ dé. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń fi kún un. Ẹnìkan tiẹ̀ ní òun mọ bàbá mi gan-an, pé awakọ̀ akẹ́rù kan báyìí ni. Irọ́ burúkú! Apẹja ni bàbá mi. Ó kú kí n tó jáde ilé-ìwé girama, àwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ilé wa.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n lọ sinmi fún oṣù kan, kí ariwo náà fi rọlẹ̀. Mo ní kò rẹ̀ mí. Ó ní ó dáa, ká jẹ́ kí ọlọ́pàá lọ gbé ẹni náà, òfin wà fún un. Mo kọ̀. Ṣebí lórí ètò mi yìí kan náà ni ìyàwó bíríkìlà kan ti pè, tó ń sunkún pé wọ́n ti ọkọ òun mọ́lé torí pé ó kọ ọ́ sórí ayélujára pé alága ìjọba ìbílẹ̀ kan ò tún ọ̀nà ṣe? Òfin yẹn náà ni wọ́n fi gbé e. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Èmi ò ní bá wọn gbé e sọ́wọ́.

Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo sì sùn síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé Màmá ò tíì gbọ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò sì mọ̀wé kà. Mo gbàgbé pé kò sẹ́ni tí kò ní fóònù mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, Màmá ò múra asàlátù, àdúrà tí àwọn obìnrin máa ń ṣe ní mọ́sálásí láràárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ Màmá ló ń gbé orin níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré.

"Màmá, ẹ ò lọ sí asàlátù?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi dúró ti ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé láti ìdájí ni o! Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n yí ẹja kan padà lórí iná.

"Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ti ka nǹkan kan fún wọn látorí fóònù. Ọkọ mi kú, mi ò fẹ́ ẹlòmíì. Ìgbà tí mo darúgbó tán ni mo wá di aṣẹ́wó."

Inú bí mi gan-an. Èmi ni wọ́n ní àwọn ń bá jà, ìyá mi ni òkò wọn bà. Tí Màmá ò bá padà sí mọ́sálásí yẹn kí wọ́n tó kú, irọ́ náà ló máa sin wọ́n.

Nígbà tí mò ń padà lọ sílé wa ní Itamaga, ní Ìkòròdú, ni mo tún fọ́tò náà wò dáadáa. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà nínú rẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì orí omi lọ́rùn mi. Ẹ̀yìn, lápá òsì, ni wọ́n ti yà á. Áà! Àwa tá à ń wọkọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, kálukú ló ní ìjókòó tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ sí i, ṣùgbọ́n dán an wò kí o jókòó sí ti ẹlòmíì. Ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn mi lápá òsì, òṣìṣẹ́ báǹkì kan ni, ẹ́síteètì kan náà la jọ ń gbé. Tí mo bá pẹ́, òun ló máa ń gbé báàgì lé ìjókòó mi kí wọ́n má bàa gbà á. "Àǹtí wa" ló ń pè mí.

Ní Mọ́ńdè, mo dé èbúté ṣáájú rẹ̀. Mo na fóònù sí i.

"Ibo lẹni tó ya fọ́tò yìí jókòó sí?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Kò tiẹ̀ jiyàn. "Àǹtí, ẹ má bínú. Eré lásán ni. Gbogbo wa ṣáà ni òmìnira wà fún láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀ lórí rédíò."

"Òótọ́ ni," mo ní. "Agogo mẹ́jọ ni ètò mi. Pè wá. Dárúkọ ara rẹ, sọ pé Itamaga lo ti ń pè, kí o wá sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Mi ò ní já fóònù náà mọ́ ọ lẹ́nu. Mo búra."

Kò pè. Ó pa ojú ìwé náà rẹ́, ó sì kó àwọn àgbà ẹ́síteètì wá sílé mi nírọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀. Àwọn àgbà ní ó ti pa á rẹ́, ó tán, kí n dárí jì í. Mo ní, "Gbangba lẹ ti bú ìyá mi, inú yàrá lẹ ti ń bẹ̀ mí. Kó kọ ọ́ síta pé òun parọ́, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i." Ó gbójú sókè láti orí ìdọ̀bálẹ̀, ó ní orúkọ òun á bàjẹ́ níbi iṣẹ́. Orúkọ! Òun náà mọ̀ pé orúkọ máa ń bàjẹ́! Wọ́n ní olóríkunkun ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Mo pe Màmá lálẹ́ yẹn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Àwọn obìnrin asàlátù yìí, ṣé wọ́n ń gbọ́ ètò rẹ?"

"Wọ́n ń gbọ́ ọ, Màmá."

"Ó dáa."

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí la ń sọ. Mo gba ìpè tó kàn, mo ní, "Orúkọ yín, àti ibi tí ẹ ti ń pè wá?"

Ohùn tó wọlé ń pariwo, bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń pariwo sórí fóònù. Màmá ni. Wọ́n dárúkọ ara wọn. Wọ́n dárúkọ bàbá tó bí wọn. Wọ́n dárúkọ bàbá mi, wọ́n sì sọ agboolé rẹ̀.

"Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń pè. Èmi ni ìyá tí wọ́n ní kò mọ ẹni tó lóyún fún. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ tán ni. Ẹni tó bá mọ òmíì, kó pè, kó kọ́kọ́ dárúkọ tirẹ̀. Mi ò kúrò nídìí rédíò."

Ọdún mọ́kànlá, irú ìpè bẹ́ẹ̀ ò wọlé sí mi rí.

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ mi?" ni Màmá bi mí.

"Wọ́n ń gbọ́ yín, mà."

"Ó dáa. Mo ti sọ tèmi. Gba ti ẹlòmíì."

Mo ṣí gbogbo ìlà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Màmá ti jáde lọ sí asàlátù. Àwọn ni wọ́n gbé orin.