Kàyé Sidonie Lórí Àjà

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀, ìyá.

Ààlọ́ tèmi kò ti inú igbó wá, kò sì bá ìjàpá pàdé lọ́nà. Ó gba ojú ọ̀nà Idigny, ó yà sí agboolé àgbẹ̀ kan, ó jókòó ti Sidonie, ọmọ Albertine.

Nígbà náà, òmìnira Dàhòmì ṣì jẹ́ tuntun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Iléèwé ò pọ̀, ọmọbìnrin inú wọn ò sì tó nǹkan. Sidonie wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ de ìdánwò sẹ́tífíkà. Orí rẹ̀ kọ́ ló yá jù níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá di ká tọ́jú ìwé, ta ló tó o? Gbogbo ohun tí olùkọ́ bá kọ sójú pátákó ni í máa ń dà kọ sínú kàyé rẹ̀. Á fa ìlà sábẹ́ ọjọ́, á ní kí tàdáwà gbẹ kó tó pa ìwé dé. Kàyé ìṣirò lọ́tọ̀, ti ìtàn lọ́tọ̀, ti àpèkọ lọ́tọ̀.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, ó fẹ́ lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko ní Okpomèta. Kó tó lọ, ó kó àwọn kàyé lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó bá òun tọ́jú wọn kí ikán má bàa jẹ wọ́n. Albertine ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń jẹ́ ìtọ́jú. Níbo ni àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ń kó ohun tí kò fẹ́ kó bàjẹ́ sí? Orí àjà ni, lókè ààrò, láàárín àgbàdo irúgbìn, níbi tí èéfín ti ń lé kòkòrò. Ibẹ̀ ló kó wọn sí. Ó tilẹ̀ ń fi igi tútù kún iná, kí èéfín lè pọ̀ dáadáa.

Nígbà tí Sidonie dé, ikán ò jẹ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìwé ti pọ́n bí awọ ewúrẹ́ tí a sun. Oru ìkòkò ọbẹ̀ ti bá tàdáwà, ó ti ṣàn wọnú ara, ojú ewé mìíràn wá dà bí ibi tí adìẹ ti tú ilẹ̀.

Mésíyè Théophile, olùkọ́ wọn, ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé alábẹ̀wò iléèwé ń bọ̀, pé ẹni tí kàyé rẹ̀ ò bá pé, tí kò sì mọ́, kò ní bá wọn lọ ṣe sẹ́tífíkà ní Kétou. Ní kíláàsì, Séverin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gbóòórùn èéfín, ló bá sọ ọ́ lórúkọ.

“Ẹja-yíyan, ọbẹ̀ wo lò ń lọ?”

Sidonie ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. “Ẹja yíyan kì í rà, Séverin. Tútù bíi tìrẹ ni kì í dọ̀la.”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Séverin pẹ̀lú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Albertine fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ olùkọ́ lọ, ó kúnlẹ̀.

“Mésíyè, ẹ má bínú sí ọmọ. Èmi ni mo kó àwọn kàyé rẹ̀ sórí àjà. Ibi tí mò ń tọ́jú irúgbìn mi sí nìyẹn, mi ò ní ibi tó dáa jù ú lọ.”

Théophile, ọmọ àgbẹ̀ Pobè lòun náà, ní kó dìde. Ó ṣí àwọn kàyé wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun rí i pé iṣẹ́ ọdún pé, àmọ́ alábẹ̀wò ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ àjà. Ó mú kàyé tuntun jáde nínú àpótí: bí Sidonie bá lè da gbogbo rẹ̀ kọ kí ọkùnrin náà tó dé, òun á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.

Iṣẹ́ dé. Albertine gba omi pípọn, ó gba ẹ̀gẹ́ bíbó, ó ní bí ọmọ náà bá fọwọ́ kan odó, òun á ṣẹ́ ẹ lápá. Bí Sidonie bá ti iléèwé dé, abẹ́ igi máńgòrò ni títí ojú á fi ṣú. Ibi tí tàdáwà ti ṣàn, á ronú kan ohun tí olùkọ́ wí. Èyí tí kò bá wá sí i lọ́kàn, á lọ yá ti Séverin. Séverin ò ṣahun, ṣùgbọ́n kàyé ìtàn rẹ̀ ti já sí méjì, ti ìṣirò sì kún fún àwòrán ewúrẹ́. Ni àwọn méjèèjì bá jókòó, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí Sidonie ṣe ń da ẹ̀kọ́ kọ lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ̀kọ́ ń wọ̀ ọ́ lórí, bí òjò ti ń wọ ilẹ̀ ebè.

Alábẹ̀wò dé. Ó mú ti Sidonie, ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, ó dá ọwọ́ dúró, ó mú ìṣirò kan níbẹ̀ bi í. Sidonie dáhùn láìwolẹ̀. Ọkùnrin náà pa kàyé dé, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó ń lọ.

Ó lọ sí Kétou, ó sì yege. Séverin náà yege, díẹ̀ ló kù kó já. Òun ló sáré ṣáájú wọ agboolé, ó bá Albertine lẹ́nu iṣẹ́.

“Ìyá, ọmọ yín ti gba sẹ́tífíkà.”

Albertine nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó fún Séverin, ó sì bu iyán tó gún sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀ fún un kó jẹ.

Ó parí o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tòògbé láti ìgbà tí alábẹ̀wò ti dé, ẹ dìde. Ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín, kí oníkálukú wá ẹní rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ á mọ́ wa ire.