Ẹni tó fà mí dìde lójọ́sí ló ní kí n kúnlẹ̀ báyìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Alafiarou, ní ilẹ̀ Olómìnira Benin níbí, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Wọ́n ní kí n gbé e mì. Mi ò ní gbé e mì!

Bọ́nífásì, àbúrò ọkọ mi, ni wọ́n fi jẹ olórí ẹbí wa lọ́jọ́ náà. Kó tó di ọjọ́ náà ló ti ránṣẹ́ sí gbogbo ìyàwó ilé: kálukú gbọ́dọ̀ fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú òun. Èyí tó bá kọ̀, wọn ò ní sin ín sí ọgbà ẹbí. Ọgbà yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ni wọ́n sin ọkọ mi sí. Mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣé ẹ rí ibi tó ti dì mí mú?

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Láyé ìyá mi, ìyàwó kì í wo ojú ìyá ọkọ. Àwọn Faransé kó bíbọ ọwọ́ dé, àmọ́ ọ́fíìsì ló mọ. Tíṣà ni mí nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, síbẹ̀ ilẹ̀ ni mo ti ń kí ìyá ọkọ mi láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Màmá á gbé orí mi sókè, á kì mí ní oríkì ilé bàbá mi.

Ni ìgbà kámárádì bá dé, tí àwọn sọ́jà gbàjọba, tí wọ́n ní gbogbo èèyàn dọ́gba. Gbogbo wa di kámárádì, títí dé ọmọ iléewé! Bọ́nífásì di aṣáájú àwọn ọ̀dọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú màmá. Ìyá tó bí i o! Ó gbá mi lápá mú, ó fà mí dìde. Ó ní ìwà ẹrú ni, ó ní tóun bá tún bá mi nílẹ̀, òun á rí i pé mi ò kọ́ ọmọ kankan mọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìdúró ni mo fi ń kí màmá. Màmá ò sì kì mí mọ́ títí ó fi kú.

Ó wá di Sátidé. Ọmọkùnrin protokóòlù kan, tó ń darí ètò, mú míkírò dání, ó ń fi pe àwọn ìyàwó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́nífásì fẹ̀yìn ti àga ńlá. Ó kàn mí. Mo dé iwájú rẹ̀, mo na ọwọ́ sí i pé, "Kámárádì Bọ́nífásì, ẹ kú oríire o!"

Ẹ ò bá wo ojú ẹ̀! Àwọn àgbà tó rántí bú sẹ́rìn-ín.

"Tata, ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúnlẹ̀, àwọn àlejò ń wò wá," ni protokóòlù ń bẹ̀ mí.

Mo ní, "Bi í léèrè ẹni tó fà mí dìde."

Bọ́nífásì gbaná jẹ. "Ìyàwó, ìgbà yẹn ti lọ!"

"Ọ̀dọ̀ rẹ ló ti lọ!"

Ó ní ṣé mo mọ ibi tí wọn ò ní sin mí sí. Mo kọjá lára rẹ̀, mo wọ inú ọgbà ẹbí, mo bọ́ bàtà níwájú sàréè màmá. Orúnkún méjèèjì! Wọ́n ń dùn mí o, àmọ́ wọ́n kanlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀. Èmi ìyàwó yín ni."

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ta ni mo rí? Ìyàwó Bọ́nífásì gan-an! Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ tì mí, kó tó wá fà mí dìde.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi sàréè halẹ̀ gbà, ẹ̀rù lásán ni. Tó bá wù ú, kó má sin mí síbẹ̀. Gbogbo Alafiarou ti rí mi níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fẹ́ fi tipá gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí lẹ sì ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má sì fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ!