Ọjọ́ Tí Mo Pe Oògùn Kòkó Ní Májèlé

Alùpùpù ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi mọ̀ mí. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń kógbá wọlé, obìnrin tó ń gun alùpùpù kiri àwọn abúlé Lágelú kò pọ̀. Ní ọ̀nà tèmi, èmi nìkan ni. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun tí wọ́n lè gbà dáko. Ẹ sáà wò ó: ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó dàgbà sí Olódò, tí kò gbin nǹkan kan rí ju ata ẹ̀yìnkùlé lọ, ni wọ́n ní kó lọ máa kọ́ ẹni àádọ́rin ọdún ní iṣẹ́ oko. Èmi náà ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo ní bàtà òjò, ẹnu mi sì mú bí abẹ.

Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé mi, wọ́n á máa pariwo, "Ìyá Agíríìkì! Ìyá Agíríìkì!" Inú mi máa ń dùn sí i, títí mo fi rántí pé adìyẹ òyìnbó làwọn èèyàn ń pè ní agíríìkì.

Abúlé kan wà tí mo máa ń dé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ilé bàbá àgbàlagbà kan ni mo ń gbé alùpùpù mi sí níbẹ̀. Kòkó ni Bàbá ń gbìn, ẹ̀fẹ̀ sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí bí ẹ̀gẹ́ kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì, Bàbá á ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́, olùkọ́ wa ti dé." Bí mo bá parí, wọ́n á wá rọra pe àkíyèsí mi sí i pé orí ebè ni mo dúró sí láti àárọ̀. Ìyá, ìyàwó wọn, á sì gbé oúnjẹ fún mi. Ọ̀jọ̀jọ̀ ni Ìyá mọ̀ ọ́n ṣe jù. Wọ́n á rin ewùrà, wọ́n á dín in, àwọn ọmọ tó ń ti ilé kéwú bọ̀ á yà síbẹ̀, oníkálukú á mú tirẹ̀, wọ́n á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀.

Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn abúlé náà. Òun ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń fọṣọ, òun náà ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, odò á gbẹ, adágún mélòó kan ló máa ṣẹ́kù. Nígbà náà ni Bàbá á mú agolo oògùn kòkó, oògùn tí wọ́n ń fín sára igi kòkó kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, wọ́n á da díẹ̀ sínú adágún tó tóbi jù. Kò ní pẹ́ tí ẹja á fi máa léfòó. Gbogbo abúlé á ya bo odò pẹ̀lú agbọ̀n àti igbá. Bàbá ló máa ń pín ẹja náà: aboyún àti ìyá ọmọ tuntun lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lèmọ́ọ̀mù àti àwọn opó, kó tó wá kan àwọn yòókù. Lọ́jọ́ náà, kò sí ilé tí ọbẹ̀ kì í ta sánsán.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ kí n dúró ronú. À ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni wọ́n ní, "Ọdún kejì rèé tí mi ò gbọ́ kí ọ̀pọ̀lọ́ ké lódò yìí. Akàn gan-an ò sí mọ́. Àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti kó lọ sí Ìbàdàn bíi tàwọn ọmọ wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kọ́ wa nípa oògùn yẹn. Ohun tó ń pa ẹja ló pa ọ̀pọ̀lọ́, ohun tó pa ọ̀pọ̀lọ́ kò ní ṣàánú ọmọ ọwọ́. Orí mi gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí n jókòó ti Bàbá, kí n bá wọn sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́. Èmi, ó di dandan kí n sọ ọ́ níbi tí gbogbo ayé ti máa gbọ́ mi.

Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, gbogbo wọn jókòó sábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé Baálẹ̀. Mo tọrọ àyè, mo dìde, mo sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Májèlé ni wọ́n ń dà sínú omi yín. Májèlé lẹ ń mu, májèlé náà lẹ fi ń se ọbẹ̀."

Kẹ́ ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó: nínú ìwé tí mo kà, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo, "poison", ni wọ́n ń lò, ìbáà ṣe ti eku, ìbáà ṣe ti kòkòrò. Mo gbé e bẹ́ẹ̀ wọ inú Yorùbá, mo pè é ní májèlé. Ṣùgbọ́n májèlé kì í dá rìn. Ẹni tó bá gbọ́ májèlé, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, "Ta ló fi sí i? Ta ló fẹ́ pa?" Ohun tó wà nínú agolo yẹn, oògùn ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe oògùn ibà àti oògùn ikọ́. Ṣé oògùn kọ́ ló ń wo nǹkan sàn ni?

Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Bàbá ni gbogbo wọn ń wò.

Bàbá dìde, wọ́n tún fìlà wọn ṣe. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ta ni mo fẹ́ pa?"

Wọn ò dúró gbọ́ èsì mi. Wọ́n yíjú, wọ́n lọ sílé wọn.

Nígbà tí mo padà dé ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá ti dín ọ̀jọ̀jọ̀ bí ìṣe wọn. Abọ́ náà kún dẹ́nu, eṣinṣin sì ń yí i ká. Àwọn ọmọ kéwú ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ilé ni wọ́n bú sáré. Obìnrin tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Kí n má gbọ́ pé ẹnì kankan fẹnu kan nǹkan nílé yẹn o!" Ìyá fi aṣọ bo abọ́ náà, wọ́n gbé e wọlé. Wọn ò kí mi.

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ sí. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé bí mo ṣe ń gun alùpùpù mi lọ, mo pàdé àwọn obìnrin tó ń pọnmi bọ̀ láti odò. Odò tí oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n ń mu ún. Ilé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n ń sá fún un. Ọ̀rọ̀ mi ò gba ẹnikẹ́ni là, àgbàlagbà kan ló bà lórúkọ jẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, a kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wọn. Mo rojọ́ fún wọn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ṣé o ti bẹ̀ wọ́n?" ni wọ́n bi mí.

"Mo fẹ́ lọ ṣàlàyé fún wọn ni, Màmá. Nítorí pé, ẹ wò ó, ohun tó wà nínú..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè àlàyé. Ṣé o ti bẹ̀ wọ́n?"

Màmá ń bá iṣẹ́ wọn lọ, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gé. "Ẹja tí o gbé wá fún wa lẹ́ẹ̀rùn èṣí ńkọ́, tí o ní ìwọ lo máa jẹ orí rẹ̀? Ṣé májèlé nìyẹn náà?"

Mo ti gbàgbé ẹja yẹn pátápátá. Odò kan náà, oògùn kan náà, ọwọ́ Bàbá kan náà. Mo gbé e wálé, mo jẹ ẹ́, mo tún lá ọwọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo padà lọ. Mi ò wọ bàtà òjò. Bàbá ń pọ́n àdá níwájú ilé. Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ bó ṣe wúwo tó. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n pọ́n àdá náà títí, mo sì kúnlẹ̀ títí.

"Dìde," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Orí àgbàdo tí mo sá lo kúnlẹ̀ sí."

Wọ́n mú mi lọ sí odò. Létí omi níbẹ̀, wọ́n fi igi kékeré kan hàn mí, wọ́n ní ewé rẹ̀ ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ máa ń gún sínú adágún. Ewé yẹn á mú kí ẹja yó bí ọ̀mùtí. Wọ́n á kó àwọn ńlá, àwọn kéékèèké á jí padà, wọ́n á sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pọnmi níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí omi á fi mọ́. Òfin abúlé ni. Nígbà tí oògùn kòkó dé, wọ́n rí i pé ó yá ju ewé lọ, kò sì gba odó. Bàbá ní ọ̀làjú ló dé.

"Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú òfin náà," ni wọ́n sọ. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi ń dínà odò, èmi fúnra mi ni mo ń jókòó tì í. Ṣé ẹni tó fẹ́ pa èèyàn ló máa ń ṣọ́ omi fún wọn?"

Omi bọ́ lójú mi. Ọdún méjì ni mo ti ń gbé alùpùpù síwájú ilé wọn, mi ò béèrè rí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta tó fún ewé, ṣùgbọ́n oògùn agolo kì í lọ bẹ́ẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ló máa ń jókòó sí.

"Ọjọ́ mélòó wá ni tirẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Àwọn ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ pé àwọn náà ò mọ̀."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. "Ẹ ò mọ ọjọ́ tó máa jáde, ẹ wá gbé e fún wa! Ẹni tó kọ́kọ́ gbé agolo wá síbí, alùpùpù bíi tìrẹ ló gùn wá o. Òun náà ní ìwé ẹ̀rí."

Láti ìgbà náà, mo ti jókòó nínú ìpàdé púpọ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ayé ọ̀la àti ohun tó yẹ kí gbogbo wa jọ ṣe. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe mí bíi kí n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti lọ bi àwọn tó ń mu odò náà léèrè òfin tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀.

Létí odò lọ́jọ́ yẹn, Bàbá ní èmi kọ́ ló máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n dìde lábẹ́ àtíbàbà.

"Ọmọ yìí bú mi," ni wọ́n sọ. "Ó ti bẹ̀ mí, ó ti parí. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ nípa omi, kò parọ́." Wọ́n ṣàlàyé ti ewé, wọ́n ṣàlàyé ti agolo, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ti ewé làwọn gbé fún agolo, ìyẹn ni kò bá a mu. "Èmi ni mo dà á. Ẹni tí kò bá jẹ nínú ẹja náà, kó nawọ́ sókè kó sọ mí ní orúkọ tó bá wù ú."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Baálẹ̀ ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Lèmọ́ọ̀mù ń ka tẹ̀sùbáà. Èmi náà jókòó lé ọwọ́ tèmi.

"Bó bá wá jẹ́ májèlé," ni Bàbá sọ, "gbogbo wa la jọ fi sí i."

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Baálẹ̀ pàṣẹ pé agolo ò gbọ́dọ̀ dé etí odò mọ́. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ọkùnrin kan fún ọ̀wẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ kànga kí òjò tó dé. Ẹnì kan bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n tún lè mu odò náà, mo ní mi ò mọ̀, Bàbá sì ní, "Ẹni tí kò bá mọ̀, ṣe ló ń dúró." Ti ewé ló wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn àgbà ní kí wọ́n padà sí gígún un, àwọn ọ̀dọ́ ń ráhùn pé odó ò dára fún ẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni Ìyá ti gbé abọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ dé láti ilé. Wọ́n gbé e sáàárín wa, wọ́n ká aṣọ orí rẹ̀, wọ́n sì dúró tì í. Mo fẹ́ dìde, Bàbá fojú sọ fún mi pé kí n jókòó.

Obìnrin òdìkejì ọ̀nà ló dìde. Ó rìn wá, ó mú ẹyọ kan, ó gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Iyọ̀ yín pọ̀ jù, Ìyá," ló sọ.

"Fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ," ni Ìyá dá a lóhùn.

Ó mú èkejì. Ó wá yíjú sí ojú ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.