Ọ̀dà Tí Wọ́n Dà sí Ẹ̀yìn Afárá Tó Tẹ̀

Iṣẹ́ mi ni láti ṣírò ẹrù tí afárá àtijọ́ ṣì lè gbé. Irin afárá a máa tẹ̀ bí ọkọ̀ bá gùn ún, a sì padà sípò. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, kì í padà mọ́. Àwọn irin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa bá a gbé ìyókù, ìyẹn náà sì ní ibi tó mọ.

Afárá kan wà lẹ́yìn Kọ́bapẹ́ tí àárín rẹ̀ ti tẹ̀ sísàlẹ̀ bí àwo. Mo kọ̀wé sí àwọn tó rán mi pé ọkọ̀ kéékèèké lè kọjá, ṣùgbọ́n kí tírélà òkúta má gùn ún mọ́.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, ẹnu yà mí. Ojú afárá ti tẹ́ pẹrẹsẹ! Mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ: irin náà ti tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀dà ni wọ́n dà sínú kòtò náà títí ó fi kún.

Mo pe ọ̀gá tó ṣe iṣẹ́ náà lórí fóònù.

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ rí i bó ṣe dán?"

"Ọ̀gá, ẹrù lẹ tún dì lé amúkùn-ún lórí. Òkè lẹ wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin alákọ̀wé! Àwọn awakọ̀ ń dúpẹ́, ẹ̀yin ń ráhùn."

Tírélà kan tó kún fún òkúta ń bọ̀, kò tilẹ̀ dẹwọ́ eré. Mo sáré dúró sáàárín ọ̀nà, mo na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ó yọrí síta.

"Bàbá, ọ̀nà tó dára báyìí lẹ fẹ́ dí mọ́ wa?"