Ọjọ́ Tí Wolé-wolé Lọ sí Gálílì

Ní Ọ̀wọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1954, bí ẹ bá rí obìnrin tó ń sáré da omi ìkòkò nù láàárọ̀ kùtù, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ̀. Ignatius ni orúkọ tí wọ́n fi ṣàmì fún un, ṣùgbọ́n Fádà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Yóò wọ kákí tó le gbagidi, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò omi rẹ, bí ó bá sì rí tanwíjí kan ṣoṣo tó ń jó níbẹ̀, ilé ẹjọ́ yá. Èmi àbúrò rẹ̀, tí mo ń se oúnjẹ fún un láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti kọ̀wé pè mí lẹ́jọ́ rí. Ó sì jẹ iyán mi tán kó tó kọ ọ́ o! Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí wá rí Ìbílọlá, ó ní òun kò rí ẹlòmíràn mọ́. Aránṣọ ni Ìbílọlá nínú ìjọ wa, ọkọ tirẹ̀ náà ti kú. Ọdún méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ó sú Ìbílọlá, ó pè mí.

“Àbẹ̀ẹ́bí, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mi ò kọ̀ ọ́. Yíyẹ nǹkan wò rẹ̀ yẹn ni mi ò lè bá gbélé. Bí ó bá lè wà láàárín èèyàn lọ́jọ́ kan péré, kó má yẹ ohunkóhun wò, kó má bá ẹnikẹ́ni wí, màá fẹ́ ẹ. Kó fi ọjọ́ Gálílì dán an wò.”

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde là ń pè ní Gálílì. Gbogbo ìjọ á gbé oúnjẹ, wọ́n á kọrin jáde nílùú lọ jẹun lábẹ́ igi, nítorí Jésù ní òun yóò ṣáájú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn òun lọ sí Gálílì. Oko kòkó Bàbá Olúgbádé ní Ìdásẹn ni Gálílì tiwa lọ́dún náà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé agbádá wọ̀. Mo gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wò mí bí ẹni tí mo bọ́ ṣòkòtò nídìí rẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í. Ibi tó bá gbà kọjá, ìdérí ìkòkò á máa dún gbà, gbà, gbà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹlé nìkan ni kò tètè rí i, eṣinṣin sì ti bo ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Mo wúkọ́.

“Ọ̀lẹ̀lẹ̀ yìí mà dára o,” ló sọ.

Ẹ̀rù ba Ọmọ́yẹlé. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, mo fẹ́ bò ó ni!”

“Ẹ má bò ó,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́.”

Kò pẹ́ sí i, ọmọdé kan lá ṣíbí ọbẹ̀ mọ́ féfé, ó sì dá a padà sínú ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí igi kòkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka “Mo kí ọ, Màríà.” Mo kà á pẹ̀lú rẹ̀, nítorí mo fẹ́ kó rí ìyàwó fẹ́, kí ilé ìdáná mi lè sinmi.

Ó ń ṣe dáadáa títí òùngbẹ fi gbẹ Fádà.

Ìbílọlá ló ni omi Gálílì lọ́dún náà. Omi òjò àkọ́rọ̀ ni, ó ti gbè é pa mọ́ ṣáájú ọ̀sẹ̀ mímọ́, ó fi atẹ bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rán aṣọ ọdún fún ìdajì ìjọ, kò ráyè wo ìkòkò mọ́. Bó ṣe wà ló ṣe rù ú wá. Ó ṣí i, kò tilẹ̀ wo inú rẹ̀, ojú Fádà ló ń wò.

“Fádà, omi òjò ni o! Ó tutù nini!”

Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, mo mọ ojú yẹn dáadáa. Mo sún mọ́ wọn. Tanwíjí ni! Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́wàá. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó dójú ti Ìbílọlá lójú gbogbo ìjọ, ìyàwó sì lọ nìyẹn. Bí ó bá dákẹ́, Fádà á gbé tanwíjí mì.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀, ó fi kọ́ etí agbádá ara rẹ̀, ó sì ṣubú lu ìkòkò náà gbàù. Omi bo gbogbo ilẹ̀.

Háà! Àwọn tó ti ń wá ọ̀nà láti bú u láti ọjọ́ pípẹ́ rí ọ̀nà. Ọmọ́yẹlé ló ṣáájú wọn: “Ó ń rí tanwíjí nínú òkùnkùn, kò rí odidi ìkòkò lọ́sàn-án gangan!” Wọ́n bú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n bú agbádá rẹ̀. Mo ń retí kó fèsì. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni.” Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi, èmi tó pè lẹ́jọ́.

Ìbílọlá bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àpáàdì, inú ń bí i. Omi díẹ̀ ṣì wà nínú ìdí ìkòkò náà. Ó gbé e, ó wò ó. Ó rọra dojú àpáàdì náà bolẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rí i.

“Ọ̀gá,” ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, “kí lẹ rí nínú omi mi?”

“Èmi kẹ̀? Mi ò yẹ nǹkan kan wò lónìí.”

Ìbílọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó tì í sínú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ ọdún lára. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ọmọ́yẹlé àti gbogbo ìjọ.

“Ó tó gẹ́ẹ́! Ọkọ mi lẹ ń bú yẹn.”

Fádà, tí kò tíì rí omi mu, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.