Ìgò Àdín Olùkọ́ Kíláàsì Kejì

Tí ọyẹ́ bá ti mú, tí mo rí àdín tó dì nínú ìgò, inú a tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí màmá kan tí a jọ ń ṣe olùkọ́ ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.

Láàárọ̀, á ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì da àdín rẹ̀ sínú abọ́. Kò ní dà. Wọ́n á gbé e sínú oòrùn. Tó bá di ọ̀sán, á máa ṣàn bí omi. "Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó kọ ọ́," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ọ̀gá ilé ìwé wa kò fẹ́ràn àṣà yìí rárá.

"Màmá, ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́ wọn ni, àbí eré lẹ ń bá wọn ṣe?"

"Uṣẹ́ mi rèé, sà."

Ọ̀gá gba ìgò náà lọ.

Nígbà ìdánwò, wọ́n bi àwọn ọmọ bóyá ohun líle ni àdín tàbí ohun olómi. Ọmọ kan kọ ọ́ pé: "Ó le láàárọ̀, ó di omi lọ́sàn-án." Ọ̀gá fún un ní òdo rogodo.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ láti jà fún ọmọ náà. Ìgò màmá ni mo bá lójú fèrèsé, nínú oòrùn. Ọ̀gá ti bọ́ bàtà, ó ń dúró kí àdín yọ́, kó lè fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀.