Ẹni Tí Etí Ń Dùn

Igbó-Ọrà ni mo dàgbà sí, ìbejì ò lè yà mí lẹ́nu mọ́. Àwọn òbí wọn ló ń sú mi. Ọmọbìnrin mi bí ìbejì obìnrin, wọ́n ti tó ọmọ iléèwé. Ọ̀kan lẹ́nu bí ayékòótọ́. Jẹ́jẹ́ ni ìkejì. Bí ẹ bá bi oníjẹ́jẹ́ pé ṣé ó ti jẹun, ẹlẹ́nu ni yóò dáhùn. Ìyá wọn á ní, "Ẹ̀mí kan náà ni wọ́n, Màámi." Nílùú wa, ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan la ń ṣe fún ìkejì. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún aṣọ àti bàtà.

Nígbà tí ara oníjẹ́jẹ́ gbóná tí kò sì jẹun, ẹlẹ́nu ní inú ló ń run ún. Ìyá wọn ra oògùn aràn, ó fún àwọn méjèèjì. Ara ọmọ túbọ̀ ń gbóná. Èmi ni mo ní kí wọ́n pe ọlọ́kadà, a forí lé ilé ìwòsàn. Ẹlẹ́nu sunkún títí a fi gbé òun náà.

Nọ́ọ̀sì bi aláìsàn pé, "Níbo ló ń dùn ọ́?"

"Inú ni," ẹlẹ́nu dáhùn.

Ọmọbìnrin mi ń mi orí. "Ohun tó bá ṣe èyí, ìyẹn á mọ̀ ọ́n lára, nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, Mà. Ìbejì lèmi náà."

Ó sú mi pátápátá. Mo ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la gbé èyí tó ń ṣàìsàn wá ṣe? À bá fi í sílé kó sùn, kẹ́ ẹ gún ẹlẹ́nu lábẹ́rẹ́."

Ẹlẹ́nu sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti pẹ́ lórí ẹní kan náà. Síbẹ̀, bí ẹ̀yìn bá ń yún un tó ní kí n bá òun họ ọ́, mo máa họ ọ́ títí, á máa ní, "Kì í ṣe ibẹ̀, sún un sókè." Ibi tó ń yún, ẹni tó ni ẹ̀yìn ló mọ̀ ọ́n. Ìbejì jọ gbé inú ìyá kan ni. Kálukú ló gbé orí tirẹ̀ wá.

Mo ní kí ìyá wọn mú ẹlẹ́nu lọ ra ẹ̀pà níta. Mo gbé aláìsàn lé itan. "Ìwọ gan-an, níbo?"

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà kó tó fọwọ́ kan etí òsì.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ó ní inú ni, Ìyá àgbà. Mo wá rò pé bóyá inú ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Kí ọmọdé máa jẹ̀rora, kó tún máa wo ẹnu ẹlòmíràn kó tó mọ ibi tí ìrora wà! Nọ́ọ̀sì tan iná sínú etí náà, ọyún ti kún ibẹ̀.

Nígbà tí a délé, ṣíbí méjì ni ọmọbìnrin mi tún gbé jáde. Mo gba ìgò oògùn tí nọ́ọ̀sì fún wa lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́nu bú sẹ́kún, ó di etí mú. "Ó ń dun èmi náà!"

Kí n tó fèsì, oníjẹ́jẹ́ ti lanu.

"Irọ́ ni! Òsì ni tèmi, ọ̀tún lo dì mú yẹn. Ìyá àgbà, ẹ fún mi lóògùn mi."